Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa owó epo mọ́tò iléeṣẹ́ nínú payroll?

Ẹ̀yin ará wa ní UK tẹ́ ẹ ń ṣe payroll, ẹ dákun ẹ gbà mí o. Bọ̀dá kan níbiiṣẹ́ wa ń lo mọ́tò iléeṣẹ́ pẹ̀lú epo ọ̀fẹ́, percent mọ́tò ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò tax jẹ́ 30, tá a bá mú ìyẹn lára £28,200 tí ìjọba fi lélẹ̀ fún epo ọ̀fẹ́ ní ọdún tax 2025/26 ó jẹ́ £8,460, ìyẹn £705 lóṣooṣù tá à ń gba tax lórí ẹ̀ látinú payroll. Wọ́n ti gba káàdì epo lọ́wọ́ ẹ̀ ní September 30, àmọ́ £705 yẹn ṣì wà lórí payslip October, ó sì ń dùn mí fún un. Ṣé kí n kàn fi ọjọ́ tí epo dúró sínú FPS (ìròyìn owó oṣù tá a máa ń fi ránṣẹ́ sí àjọ owó orí UK) tó ń bọ̀ ni àbí kí n tún ti October ṣe? Tí wọ́n bá wá dá káàdì yẹn padà fún un ní February ńkọ́, ṣé gbogbo ọdún ló máa san ni?