Òṣùká ni, kì í ṣe ìfìkọ́

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìfìkọ́" fún suspension alùpùpù òjò dídì (snowmobile) bí a ṣe ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, n kò lè gbà á. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, awọ ni wọ́n fi ń so àpótí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rọ̀ kí ara má bàa máa ro èrò inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un tó fi ń pe apá ọkọ̀ yìí ní suspension, ìyẹn ìsorọ̀. Kò sí ohun tó rọ̀ dirodiro lára ẹ̀rọ tí à ń sọ yìí. Ẹrù wà lókè, ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohun kan wà láàárín tó ń gba ìnira rẹ̀. Àwa ti ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́: òṣùká.

Síkì méjì, ìyẹn ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ gbọọrọ tó ń yọ̀ lórí òjò dídì, ló wà níwájú ẹ̀rọ náà, bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló wà lẹ́yìn. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún orí òkè máa ń ní eyín rọ́bà tó ga tó íǹṣì 2.5 sí 3. Bí òjò dídì bá ti mu ènìyàn dé ìbàdí, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ìjókòó tuni lára mọ́. Ibi tí ẹrù fì sí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ru garawa omi rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹnìkan ní ká pe okùn pẹlẹbẹ tó di iwájú férémù inú bẹ́líìtì mú ní ìjánu. Ìjánu ti di bíréèkì lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀já ló yẹ ẹ́. Fa ọ̀já le, síkì á tẹ òjò dídì, ẹ̀rọ á sì gbọ́ràn. Fà á le jù, imú á máa walẹ̀ bí ọkọ́. Dẹ̀ ẹ́, bí o bá tẹná, ìwúwo á padà sẹ́yìn, imú á gbé sókè, ẹ̀rọ á léfòó. Dẹ̀ ẹ́ jù, síkì á kúrò nílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sì ní yà síbi tí o ń darí rẹ̀ sí. Bí súpíríǹgì ẹ̀yìn bá rọ̀ jù ńkọ́? Ìdí á rì, bẹ́líìtì á gbẹ́ yàrà fún ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "ìgbọ́ràn" ju "ìdarí" lọ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní handling: awakọ̀ ló ń darí, ẹ̀rọ ló ń gbọ́ràn.

Ẹ má sọ òjò dídì di yìnyín o. Yìnyín le, ó ń lu páànù. Bíbélì wa lo òjò dídì nínú Àìsáyà 1:18, ó lo ẹ̀gbọ̀n òwú nínú Sáàmù 51:7. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tó fúyẹ́, tó sì jìn, ẹ̀gbọ̀n òwú ni kó máa jẹ́.

Joseph-Armand Bombardier ará Valcourt ní Québec, Kánádà, tó gbé alùpùpù òjò dídì tó ń jẹ́ Ski-Doo jáde ní 1959, Ski-Dog ló kọ́kọ́ fẹ́ pè é, nítorí ó fẹ́ kó rọ́pò ọkọ̀ tí ajá ń fà fún àwọn ọdẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ ló wò kó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣọ́ọ̀kì àti súpíríǹgì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pè wọ́n. Èyí tí mo ṣì ń wá orúkọ fún ni kí awakọ̀ tẹ ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá láì yí gbirigbiri. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rò?