Nígbà tí Abacha kú, ṣé ẹ jó?

Ọ̀dọ́ Àkúrẹ́: Oṣù kẹfà ọdún 1998. Mo rí àwọn àgbà tó ń jó lójú títì. Bàbá mi ò jáde, wọ́n ní a kì í yọ̀ nítorí ikú ọmọ èèyàn. Kí lẹ̀yin ṣe lọ́jọ́ náà?

Ìyá Ìbejì: A jó. Mi ò kábàámọ̀.

Ará Oǹdó: Oṣù kan péré ni, Abíọ́lá náà kú. Gbogbo wa la sunkún.

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ jẹ́ n sọ ti ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1983. Wọ́n kéde pé Ọmọ́bóríowó ti ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló wọlé, bẹ́ẹ̀ Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN la dìbò fún. Ìlú gbaná. Alábàágbé wa kan ní Arákalẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NPN, òun ti sá lọ. Màmá mi, ọmọ UPN paraku, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú yàrá tí a ń kó gàárì sí, wọ́n gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn ọmọkùnrin dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Màmá ò dìde: “Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sun.” Wọ́n yí padà. Àmọ́ màmá ò dáhùn ìkíni alábàágbé yẹn mọ́ títí tó fi kú.

Bọ̀dá Túndé: Ìyá kan ṣoṣo ló dá wọn padà? Ó ṣòro fún mi láti gbà o.

Ọmọ Ọjà Ọba: Bọ̀dá mi, méjì nínú wọn ń jẹ mọ́ínmọ́ín àwìn lọ́wọ́ màmá.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á fún wọn ní ìsinmi. Àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kí i?

Ará Oǹdó: Ọmọdé ò mọ ohun tí bàbá ṣe. Bàbá mọ̀. Èmi náà ò ní kí i.

Délé: Wẹ́tìẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n da bẹntiróòlù sí èèyàn tàbí ilé lára, kí wọ́n dáná sun ún.

Bọ̀dá Túndé: Ayé Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láyé ọjọ́un, ni Wẹ́tìẹ̀. Ẹ má da ìtàn pọ̀.

Délé: Bẹntiróòlù kan náà ni, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ilé ẹjọ́ ló dá ipò padà fún Ajásin, kì í ṣe iná. Fágbàmígbé tó ń tẹ̀wé jáde l'Ákùúrẹ́ wà lára àwọn tí wọ́n pa. Èwo nínú wọn ni ìdájọ́ jí dìde?

Ìyá Ìbejì: Ká ní ìlú dákẹ́, ṣé adájọ́ á gbọ́?

Ọmọ Ọ̀wọ̀: Ìwé èsì ìbò ló gbọ́, ìyá. Àwọn tó fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ, tí wọ́n gbé e dé kóòtù, àwọn ni mo ń kí.

Ará Oǹdó: Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún yẹn náà ni sọ́jà gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn.