Abọ́ tí mo fi igi ìdáná yí ń sán, kí ni kí n ṣe?

OkeBaale_Lathe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Òṣogbo ni mo wà. Igi ìdáná ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tà á, màngórò àti kásíà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí kí n lè fi irin gbẹ́ ẹ, ni mo ti ń yí i di abọ́. Nínú márùn-ún tí mo yí, mẹ́rin ti sán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Igi náà ṣì tutù nígbà tí mo yí i. Abọ́ fẹ̀ tó ínṣì 9, ara rẹ̀ nípọn tó ìdajì ínṣì. Etí ni gbogbo wọn ti ń sán wọ inú, ní ìhà méjì tó kọjú síra. Ṣé igi ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi? Ẹ sì bá mi sọ epo tí mo lè fi pa á tí èèyàn á fi lè jẹun nínú rẹ̀.

Agbegi_Agba
Ọwọ́ yín kò burú. Ìnípọn tí ẹ fi í sí ló fa wàhálà.

Bí omi ṣe ń jáde lára igi tútù ni igi ń súnkì, àmọ́ kì í súnkì dọ́gba. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Láti àárín rẹ̀ sí èèpo, ó ń súnkì díẹ̀. Yíyípo rẹ̀ ló ń súnkì jù, ó máa ń tó ìlọ́po méjì ti àárín sí èèpo. Ẹ wá fi kún un pé orí igi, ibi tí ayùn ti gé e, ló ń yára gbẹ ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ìhà méjì tó kọjú síra tí ẹ rí yẹn, ibẹ̀ gan-an ni orí igi ti yọ sí etí abọ́. Ibẹ̀ ti gbẹ, ó fẹ́ súnkì. Ara tó kù ṣì tutù, kò gbà fún un. Ó bá là.

Ìdajì ínṣì wá jẹ́ kò-ṣeku-kò-ṣẹyẹ. Ó nípọn jù láti tẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó tún fẹ́lẹ́ jù láti tún yí bó bá ti wọ́. Nítorí náà, ẹ yàn nínú méjì. Ẹ lè yí i tán lójú kan náà, kí ara rẹ̀ má ju ìdámẹ́rin ínṣì lọ, kó sì dọ́gba láti etí dé ìdí. Ó máa wọ́ di bí ẹyin, ṣùgbọ́n kì í sábà sán. Tàbí kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìnípọn. Ti ínṣì 9 á tó bí ínṣì kan. Tó bá gbẹ, tó sì ti wọ́ tán, ẹ tún gbé e padà sórí ẹ̀rọ, ẹ yí i dé bí ẹ ṣe fẹ́.

Gbígbẹ rẹ̀ ni ẹ má kánjú sí. Ẹ yọ́ àbẹ́là, ẹ fi pa etí abọ́ àti ibi tí orí igi ti yọ síta. Ẹ gbọn àpò sìmẹ́ǹtì oníbébà dáadáa kí eruku rẹ̀ tán, ẹ gbé abọ́ sínú rẹ̀, ẹ ká ẹnu àpò. Inú yàrá, lórí ilẹ̀, ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má fi èérún igi tútù tó já bọ́ lára rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó máa hu èébu. Ẹ kọ déètì àti bó ṣe wọ̀n tó sí ìdí rẹ̀, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ. Ìyẹn lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nígbà ọyẹ́, àpò méjì ni kí ẹ fi wé e, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà yẹn kì í ṣàánú igi.

Iya_Apako
Ọ̀gá ti sọ ti gbígbẹ. Èmi fẹ́ sọ ti rírà, torí igi mìíràn ti bà jẹ́ kó tó dé orí ẹ̀rọ.

Ẹ má ra èyí tó rí róbótó odidi. Ojú kékeré tó wà ní àárín gbùngbùn igi, ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ojú yẹn bá wà lára abọ́, kò sí àbẹ́là tó máa gbà á. Igi tí wọ́n ti fi àáké là sí méjì ló dáa jù, torí pé àáké sábà máa ń gba ojú yẹn kọjá. Ẹ fi ayùn gé e kúrò pẹ̀lú bí ìdajì ínṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orí méjèèjì ẹ gé dànù ní ínṣì méjì-méjì. Ẹ da omi sí ojú tí ẹ gé, kí ẹ fi àkísà nù ún: ara igi á gbẹ, ilà sísán á ṣì dúdú nítorí omi ti wọnú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí ilà, ẹ tún gé. Tí ìyẹ̀fun bá ń dà lára igi, kòkòrò wà níbẹ̀. Ẹ fi dáná. Igi àjà ilé àtijọ́ náà ń bọ́ sínú igi ìdáná, ẹ fi òòfà wá ìṣó inú rẹ̀ kó tó ba irin yín jẹ́.

Màngórò rọrùn láti yí, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ní àbàwọ́n tẹ́ ẹ bá fi tutù sílẹ̀. Oje rẹ̀ àti ti káṣú lè mú ara yún. Kásíà le, eruku rẹ̀ ń ta ojú àti imú. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, tó ń mú kí ẹnu irin kú lójijì. Eruku rẹ̀ náà kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Apá ni mo fọwọ́ sí jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Igi obo ńkọ́? Májèlé ni, ẹ má fi ṣe abọ́ oúnjẹ láé. Ìbòmú kò ṣeé yọ sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Óṣogbo, tí ẹnikẹ́ni bá ní inú Igbó Ọ̀ṣun lòun ti ṣa igi wá, ẹ má rà á. Láti 2005 ni UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé, igi ibẹ̀ kì í ṣe ti ìdáná.

OkeBaale_Lathe
Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń se abọ́ nínú omi gbígbóná kó má baà sán. Ṣé òótọ́ ni?

Agbegi_Agba
Òótọ́ ni, fún èyí tí ẹ yí lákọ̀ọ́kọ́ tó ṣì nípọn. Kí omi bò ó mọ́lẹ̀, kó hó fún wákàtí kan fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tó nípọn, kó tutù nínú omi yẹn. Lẹ́yìn náà, inú àpò ló ń lọ. Á yára gbẹ díẹ̀.

Iya_Apako
Ṣùgbọ́n kò ní wo igi tó ti sán sàn o. Ó sì ń mú àwọ̀ igi mìíràn ṣá. Gáàsì tẹ́ ẹ máa jó, ẹ kà á mọ́ owó abọ́.

Yi_Igi_Yi
Ẹnì kankan ò tíì sọ ti eré ẹ̀rọ. Ẹ fi 9 pín 6,000, ẹ tún fi pín 9,000: láàárín bí 670 sí 1,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan ni ti abọ́ ínṣì 9. Igi ìdáná tí kò tíì rí roboto, kó má ju 500 lọ títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́. Sukúrù dúdú tí wọ́n fi ń kan POP, ẹ má fi dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó máa ń kán wẹ́lẹ́. Sukúrù igi gidi mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kó wọlé tó ínṣì kan. Tí iná bá lọ lójijì, ẹ fa irin yín kúrò, kí ẹ sì pa súìṣì, kí iná má bá igi àti irin lẹ́nu ara wọn nígbà tó bá dé.

Ti epo: ẹ fi epo pupa sílẹ̀, kì í gbẹ, ó ń kan, ó sì ń kun oúnjẹ. Epo linseed (epo hóró ewéko flax) tí wọn ò sè, tí wọn ò sì po ohun amúǹkan-yára-gbẹ mọ́, ni kí ẹ wá. Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ nu èyí tó kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, kó sì gbẹ kí ẹ tó tún òmíràn pa. Ìpele mẹ́ta tó. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí oúnjẹ tó kàn án. Àkísà tẹ́ ẹ fi pa á lè gbiná fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ká a jọ. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi.

OkeBaale_Lathe
Ó yé mi, ẹ ṣeun. Mo máa ra èyí tí wọ́n là lọ́tẹ̀ yìí, ínṣì kan ni màá sì fi í sí.