"Ìfòdá" ni, kì í ṣe "ìyọkúrò"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n wa kan túmọ̀ ìròyìn bọ́ọ̀lù (American football) àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti oṣù Kejìlá ọdún 2025 báyìí pé: "Ìgbìmọ̀ yọ Notre Dame kúrò, ni wọ́n bá bínú kọ abọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an, torí èèyàn díẹ̀ ló ń fi Yorùbá kọ nípa eré yìí. Àmọ́ "yọ" àti "abọ́" (ìyẹn "bowl", ìdíje tí wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn sáà) kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ẹni tó ti wà níbì kan la lè yọ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní orúkọ Notre Dame, ẹgbẹ́ yunifásítì kan, ti wà lára àwọn tí yóò wọlé sí ìdíje àṣekágbá tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tí yóò wọlé ń to àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀ léra, Notre Dame sì ń ṣáájú Miami, ẹgbẹ́ yunifásítì mìíràn. Ṣùgbọ́n títò ọjọ́ ìkẹyìn nìkan ló ń fún ẹgbẹ́ méjìlá láyè. Nígbà tó di ọjọ́ náà, Miami bọ́ síwájú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò gbá bọ́ọ̀lù kankan lópin ọ̀sẹ̀ yẹn! Ohun tí ìgbìmọ̀ dì mú ni pé Miami ti na Notre Dame ní 27 sí 24 nígbà tí sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Notre Dame borí nínú 10, wọ́n pàdánù méjì péré, wọ́n sì jókòó sílé.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pín ẹran fún àwa ọmọdé tá a tò sílẹ̀. Àwo dé iwájú rẹ, ó kọjá, ó dúró níwájú ẹni tó tẹ̀ lé ọ. "Wọ́n fò mí dá!" lọmọ máa ń ké. Kò ní sọ pé wọ́n yọ òun. Ibẹ̀ ni mo ti mú "ìfòdá". Ẹnì kan dábàá "ìgbójúfò", ṣùgbọ́n a máa ń gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀ ẹni pẹ̀lú, oore sì nìyẹn. Oore wo ló wà nínú kí ẹran ré ọ kọjá?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ Florida State ti ọdún 2023 dán an wò. Ìdíje 13 ni wọ́n gbá, wọ́n borí gbogbo rẹ̀, wọ́n gba ife ACC, ìyẹn líìgì tí wọ́n wà. Àyè mẹ́rin ló wà nígbà náà. Torí pé Jordan Travis tó ń darí eré wọn ti ṣèṣe lẹ́sẹ̀, ìgbìmọ̀ mú Alabama tó ti pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, Florida State sì ṣe ìkarùn-ún. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìfòdá, mi ò mọ ohun tó jẹ́.

Ní ti "abọ́", ẹni tó bá kà á á rò pé oúnjẹ ni wọ́n kọ̀. Pápá ìṣeré ló bí orúkọ yẹn: Rose Bowl tí wọ́n kọ́ sí Pasadena ní 1922 rí roboto, inú rẹ̀ sì jìn. Ká tiẹ̀ ní a fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, "àwokòtò" sún mọ́ ọn jù. Mo fara mọ́ "ìdíje báùlù" ní tèmi.

Ó ku "bínú kọ̀". Nínú ọ̀rọ̀ tí Notre Dame fi síta, wọ́n ní àwọn yọ orúkọ àwọn kúrò lára àwọn tí wọ́n lè pè sí báùlù. Ẹ ò rí i pé ibí gan-an ni "yọ" ti wúlò! Àwọn agbábọ́ọ̀lù Florida State tí wọn ò bá ẹgbẹ́ wọn lọ sí Orange Bowl, níbi tí Georgia ti nà wọ́n ní 63 sí 3, ńkọ́? Àwọn yẹn yọwọ́ ni, torí ẹgbẹ́ wọn lọ.

Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ rèé: "Ìgbìmọ̀ fo Notre Dame dá, ni wọ́n bá yọ orúkọ ara wọn kúrò nínú ìdíje báùlù." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé "àfòdá" náà lè dúró fún ẹgbẹ́ tí wọ́n fò dá?