Òdòdó tòmátì ń já bọ́ láì so: ìgbà wo gan-an ni a ń gbin ẹ̀fọ́ ní Houston?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Ìdílé wa kó wá sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, láti ìpínlẹ̀ kan ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí a ti máa ń gbin tòmátì ní ìparí oṣù Karùn-ún, tí a sì máa ń ká a títí di oṣù Kẹsàn-án. Ètò yẹn náà ni a tẹ̀lé níbí. Àwọn igi tòmátì náà ga, ewé wọn dúdú minimini, wọ́n sì ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oṣù Keje ti wọlé ni òdòdó náà ti ń já bọ́ láì so. Ata pàápàá kò so tó bí ó ti yẹ. Ooru ọ̀sán máa ń tó 35°C, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, kì í fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Ṣé àrùn ni, àbí àìtó ajílẹ̀, àbí ojú ọjọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ ojú ọjọ́, kí ni ó yẹ kí a máa gbìn, ní oṣù wo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn, nítorí àwọn ọmọ ti fi ọkàn sí ọgbà yìí gidigidi.

Ìyá Ọlọ́gbà

Ẹ kú làálàá o. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àìtó ajílẹ̀. Kódà, bí ẹ bá tún da ajílẹ̀ sí i nísinsìnyí, ewé nìkan ni yóò máa pọ̀ sí i. Òru ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọ̀sán nìkan. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ni ó ń sọ òdòdó di èso, bí òru kò bá sì wálẹ̀ tó nǹkan bí 24°C, lẹ́búlẹ́bú náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, òdòdó yóò sì rẹ̀ dànù. Láti oṣù Kẹfà títí di oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ òru Houston ni kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tí ń fẹ́ wá láti orí òkun Gulf kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè kúrò nílẹ̀. Ọ̀rinrin yẹn tún máa ń mú kí lẹ́búlẹ́bú náà lẹ̀ mọ́ra, tí kò fi ní lè gbọ̀n bọ́ síbi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ka oṣù Houston bí ẹ ti ń ka ti àríwá. Òtútù tí ń pa ewé sábà máa ń kúrò níbí láàárín àárín oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, kì í sì í sábà padà títí di ìparí oṣù Kọkànlá tàbí oṣù Kejìlá. Bí òtútù bá ti kúrò báyìí ni kí ẹ gbé ọmọ tòmátì sílẹ̀, kí ó má kọjá àárín oṣù Kẹta, kí ó lè so kí oṣù Kẹfà tó dé. Ìgbà kejì náà wà: èyí tí ẹ bá gbìn láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ yóò máa yọ òdòdó nígbà tí òru bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Irú tí ó tètè ń so ni kí ẹ yàn. Àwọn oníwẹ́wẹ́ sì máa ń fara da ooru ju àwọn ńláńlá lọ.

Alágbàro

Òótọ́ ni Ìyá sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán nínú ooru yìí. Ilá, tètè, amúnútutù àti ọ̀dùnkún kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ilá kì í hù dáadáa nínú ilẹ̀ tútù, ìdí nìyẹn tí ó fi ń yára hù lásìkò yìí. Ẹ ri igi tàbí okùn fún amúnútutù kí ó lè gùn ún, kí ẹ sì máa já orí rẹ̀ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé ọ̀dùnkún ṣe é jẹ kí iṣu rẹ̀ tó ta. Ní ti ata, ẹ má fà á tu. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ ta aṣọ ìbòji sí i lọ́sàn-án, yóò tún so nígbà tí ojú ọjọ́ bá rọ̀.

Bàbá Ebè

Àwọn kan á ní kí ẹ gé tòmátì yẹn lórí kí ó lè rú padà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní àsìkò yìí, àrùn tí ń mú ewé ní àmì àti kòkòrò tí ń fa omi èso ti sábà wọ inú rẹ̀, wọn yóò sì ran ohun tí ẹ bá gbìn tẹ̀ lé e. Ó sàn kí ẹ fà á tu, kí ẹ kó o jìnnà sí ọgbà.

Ẹ tún wo ilẹ̀ yín. Amọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Houston; bí òjò bá rọ̀, omi kì í tètè lọ, bí ọ̀dá bá sì dá, á le gbagidi, á sì máa sán. Òjò tí ń rọ̀ níbí lọ́dún ju 1,200 mílímítà lọ, a sì máa ń rí ọjọ́ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ebè gíga tí ẹ fi pákó yí ká, tí ẹ sì kó ilẹ̀ tí ó fúyẹ́ sí, ni mo ka sí ohun àkọ́kọ́ kí a tó máa sọ̀rọ̀ irúgbìn rárá. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi rin láàárọ̀, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé. Àsìkò ìjì ńlá a máa lọ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Bí àgbàrá bá bo ọgbà yín mọ́lẹ̀, bí ó ti bo ọ̀pọ̀ àdúgbò nígbà ìjì Harvey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ tí omi náà kàn, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, nítorí omi ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi. A óò fa tòmátì náà tu lọ́jọ́ Sátidé. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ẹ̀fọ́ lè dàgbà níbí nígbà òtútù, àbí kí a bo ebè títí di oṣù Kejì?

Ìyá Ọlọ́gbà

Ẹ má bò ó o! Ìgbà yẹn gan-an ni kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti létúùsì máa ń ṣe dáadáa jù. Ẹ máa gbé ọmọ kábéèjì sílẹ̀ láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ sì fọ́n kárọ́ọ̀tì àti létúùsì láti oṣù Kẹwàá lọ. Òtútù díẹ̀ kì í pa kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá kéde òtútù líle, ẹ bomi rin ilẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́, kí ẹ fi aṣọ bo ebè débi tí etí rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ yí ká, kí ẹ sì ká a kúrò bí oòrùn bá ti ràn. Irú òtútù oṣù Kejì ọdún 2021, tí ó wálẹ̀ kọjá 10°C nísàlẹ̀ òdo, kì í ṣe ohun tí aṣọ lásán lè dá dúró, àmọ́ kì í wá lọ́dọọdún.

Ọ́fíìsì àgbẹ̀ Texas A&M AgriLife ní àgbègbè Harris, tí Houston wà nínú rẹ̀, máa ń tẹ àtẹ oṣù ìgbìn jáde fún ìlú yìí; ẹ wá a, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Kí Sátidé tó dé, ẹ ti gbin hóró tòmátì tuntun sínú ike kékeré, ẹ gbé e síbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń kàn án tí ti ọ̀sán kò sì jó o, yóò ti tó gbé sílẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó parí.