Cigar tí mi ò mọ̀ rí: ṣé kí n ra odindi àpótí?

Alárìnká
Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Ẹnì kan fún mi ní cigar 5, orúkọ tó wà lára òrùka bébà ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí, mo wá a títí mi ò rí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Robusto ni wọ́n ń pe ìwọ̀n ẹ̀, gígùn ẹ̀ ìnṣì 5, sísanra ẹ̀ 50 (ìyẹn ìdá 50 nínú ìdá 64 ìnṣì kan), ewé òde dúdú ó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró ra á, wọ́n ní orílẹ̀-èdè Nicaragua ni wọ́n ti wé e. Mi ò lè mú sùúrù, ọjọ́ tó dé ọwọ́ mi gan-an ni mo fa ẹyọ kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ta bí ata, àárín ẹ̀ dùn, nǹkan kan bíi kòkó wà níbẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá ó korò bí jogbo, òòyì wá ń kọ́ mi. Ẹni yẹn ní òun lè bá mi rí àpótí ẹlẹ́yọ 20. Ṣé kí n gbà á ni àbí kí n jẹ́ kó máa lọ? Báwo lẹ̀yin ṣe ń dán èyí tẹ́ ò mọ̀ rí wò?

Èéfín_Tútù
Ọjọ́ tó dé gan-an kẹ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jàre. Cigar tó bá ti rìnrìn àjò, ooru á ti mú un, òtútù á ti mú un, ọ̀rinrin inú ẹ̀ ò ní bá tòde mu mọ́. Jẹ́ kó sinmi ná. Kó 4 tó kù sínú humidor, àpótí tí wọ́n fi ń tọ́jú cigar kó má gbẹ, tó ò bá ní, ike tó dé pinpin náà á ṣe é, ju àpò ọ̀rinrin kékeré kan sí i, èyí tí wọ́n kọ 65 tàbí 69 sí lára (ìdá ọ̀rinrin nínú ọgọ́rùn-ún ni), kó o gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Kó má wà níbi tó gbóná o, tó bá ti ń kọjá dígíìrì 25 báyìí ẹyin kòkòrò tábà lè pa, ọjọ́ tó o bá ṣí i ihò wínníwínní ni wàá bá lára gbogbo ẹ̀. Ó ti ṣe mí rí, mi ò fẹ́ rántí.

Ọmọ_Ọ̀sán
Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi fa èyí tẹ́ ẹ fà?

Alárìnká
Bí ìṣẹ́jú 25 ni.

Ọmọ_Ọ̀sán
😂😂 ẹ̀gbọ́n ẹ ò fa cigar, ẹ lé e ni. Robusto máa ń tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Tẹ́ ẹ bá ń fà á léraléra iná inú ẹ̀ á gbóná jù, ibẹ̀ ni ìkorò yẹn ti ń wá. Òòyì yẹn náà, nikotíìnì ni, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó fà á, tó bá tún kọ́ yín ẹ wá nǹkan dídùn fi sẹ́nu. Ẹ má sì gbé èéfín ẹ̀ mì sínú àyà bíi ti sìgá o!

Màmá_Eérú
Alárìnká, fara balẹ̀ kí n sọ tèmi fún ẹ, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Tí òrùka yẹn ò bá lẹ̀ mọ́ ewé, bọ́ ọ kúrò, torí orúkọ máa ń ráyè sọ tiẹ̀ kí èéfín tó sọ tiẹ̀. Rọra fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ látẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ń tanná sí, dórí, ibi tí wọ́n ń fi sẹ́nu, tó bá rọ̀ níbì kan tó le gbandi níbòmíì, wọn ò wé e dọ́gba. Gbóòórùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó o bá fẹ́ gé e, fìlà orí ẹ̀, ìyẹn ewé kékeré tí wọ́n fi dé e lórí, nìkan ni kó o gé, mílímítà 2 ti tó, àwọn tó ń gé e wọnú ọrùn ni ewé òde ẹ̀ máa ń tú mọ́ lọ́wọ́. Kó o tó tanná, fà á ní tútù, kó o mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń kọjá. Láítà oníbútéènì tàbí ìṣáná ni kó o lò, má lo láítà onípẹtiróò, òórùn ẹ̀ á wọnú tábà lọ. Gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè iná díẹ̀, máa yí i títí tó fi pọ́n yíká, ìgbà yẹn ni kó o tó fi sẹ́nu.

Mo máa ń pín in sọ́nà mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn mi ò kà á sí púpọ̀, ewé Nicaragua mọ̀ ọ́n ta bẹ́ẹ̀. Àárín ni mo fi ń mọ ọwọ́ ẹni tó po ewé pọ̀. Jẹ́ kí èéfín díẹ̀ gba imú jáde, díẹ̀ mà ni mo sọ, wàá gbọ́ ohun tí ahọ́n ò gbọ́. Mi ò kì í kọ "ó dùn" sílẹ̀, ohun tó jọ ni mo máa ń kọ: awọ bàtà tuntun, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Tó bá wá di pé ó ń korò, gbé e sílẹ̀ kó kú fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní dandan ni kó o fà á dé ìka.

Àti dúdú tó dúdú yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́. Ewé maduro máa ń dúdú torí pé wọ́n to ewé náà jọ pẹ́ títí tó fi gbóná fúnra ẹ̀, ó sábà máa ń dùn. Ewé inú ni agbára wà, pàápàá ligero tó hù lókè igi níbi tí oòrùn ti ń pa á. Fa ẹyọ 3 ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó o tó sọ pé o mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ló wé e, ọwọ́ sì máa ń ṣì.

Kò_Kàn_Mí
Màmá mo gbọ́ o, àmọ́ ẹ̀yin àti ẹyọ 3 yín yìí... Èyí tí ò bá dùn mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, mo ti fi ta ọ̀rẹ́ mi lọ́rẹ nìyẹn. Ẹ má sì tan ọmọ ọlọ́mọ, pé kò gbé e mì kọ́ ni pé kò ṣe é ní nǹkan, ẹnu àti ọ̀fun ń gbà á, jẹjẹrẹ sì wà fún ibẹ̀ náà, cigar ńlá kan ṣoṣo lè ní tábà tó tó ti odindi páálí sìgá nínú. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ díẹ̀ lèèyàn á máa fà á, kí ló dé tí mo fẹ́ fi mẹ́ta ṣòfò lórí ohun tí mi ò gbádùn?

Màmá_Eérú
O ò parọ́. Àmọ́ òun náà ní àárín ẹ̀ dùn, àbí o ò kà á ni?

Aláwé
Nǹkan kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ. Pé Nicaragua ni wọ́n ti wé e ò ní kéwé ẹ̀ jẹ́ ti ibẹ̀. Ewé òde lè wá láti Ecuador, níbi tí ìkùukùu ti máa ń bo oòrùn lójú bí aṣọ tí wọ́n ń ta sórí oko tábà ní Connecticut ní Amẹ́ríkà, ó sì lè jẹ́ ti Cameroon. Kódà tó bá jẹ́ ti Nicaragua látòkè délẹ̀, ti àgbègbè Estelí níbẹ̀ máa ń le, ti àgbègbè Jalapa rọ̀ ó sì dùn díẹ̀. Bi ẹni yẹn léèrè ewé tó wà nínú ẹ̀. Tí kò bá mọ̀, kí ló ń tà?

Alárìnká
Ọ̀sẹ̀ 3 pé, mo dé o. Èyí àkọ́kọ́, mo bọ́ òrùka, mo gé fìlà nìkan, ìṣẹ́jú 55 ló gbà mí. Háà. Kòkó yẹn tètè dé, ó tún ní nǹkan bíi kọfí nínú, ìgbà tó ku bí ìka kan àbọ̀ ló fẹ́ máa korò, mo gbé e sílẹ̀ kó kú. Òòyì ò kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ mo gbé òmíràn, kò fà rárá, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Inú bí mi mo fi ọ̀bẹ là á, ewé gígùn ni lóòótọ́, kì í ṣe wẹ́wẹ́, àmọ́ ọ̀kan ti lọ́ mọ́ra láàárín ó sì dí i pa.

Màmá_Eérú
Ẹni tó wé e ló ṣìṣe, ewé yẹn dáa. Má ra 20 o. Ní kó fún ẹ ní 5 sí i.

Alárìnká
Mo sọ fún un mà, ó ní òun ò tà á kéékèèké, mo tún bi í ní ìbéèrè Aláwé, ó ní "ewé tábà ni". Mo ní kó máa gbé àpótí ẹ̀ lọ. Ẹyọ 2 tó kù wà nínú ike, Kò_Kàn_Mí má wò ó, mi ò fi ta ẹ́ lọ́rẹ.