Ọ̀kadà tí kò lè gun òkè: ṣé kí n dín eyín sprocket iwájú kù ni, àbí kí n fi kún ti ẹ̀yìn?

Ọlọ́kadà Ìdànrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀kadà 100cc tó ń kó kòkó ni mò ń béèrè lé lórí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ru àpò kòkó kan pẹ̀lú èrò kan, tó sì kan òkè, gíà kejì kì í gbé e mọ́. Gíà kìíní nìkan ló ń gùn ún, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná gan-an. Sprocket iwájú, ìyẹn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń gbà, ní eyín 14, ti ẹ̀yìn ní 42, ìwọ̀n ṣéènì rẹ̀ jẹ́ 428. Mẹkáníìkì kan ní kí n fi 13 síwájú, òmíràn ní 45 lẹ́yìn ló dáa jù. Ẹnì kan tún ní tí n bá fi sprocket kan sáàárín méjèèjì, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i. Èwo ni kí n ṣe, báwo ló sì ṣe máa dín eré kù tó?

Ẹlẹ́rọ Gíà
Ẹ fi 14 pín 42, ẹ ó rí 3. Sprocket iwájú máa yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ti iwájú ń yí ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, tí tọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn bí ìyípo rẹ̀ ṣe le tó, jẹ́ 20 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì). Táyà á yí ní ìgbà 300, tọ́ọ̀kì ibẹ̀ á sì di 60 Nm. Eré ìyípo lọ́nà tọ́ọ̀kì ló ń fi agbára hàn: 900 lọ́nà 20 jẹ́ 18,000. 300 lọ́nà 60, 18,000 náà ni. Sprocket ò dá agbára kankan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá jèrè ní tọ́ọ̀kì, inú eré lẹ ti mú un. Ṣéènì tó gbẹ tàbí tó kún fún iyanrìn tún máa ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí rèé: bí ṣéènì ṣe ń fa ti iwájú náà ló ń fa ti ẹ̀yìn. Láti àárín sprocket eyín 14 dé ibi tí ṣéènì jókòó sí tó nǹkan bíi mìlímítà 28.5. Ti eyín 42 tó 85. Ìfà ò yàtọ̀, àmọ́ ó jìnnà sí àárín ní ìlọ́po mẹ́ta, bí ìgbà tí ẹ ki páìpù bọ sípánà kí nọ́ọ̀tì tó le lè tú.

Ẹ wá wo méjèèjì tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. 13 pẹ̀lú 42 jẹ́ 3.23: tọ́ọ̀kì 64.6 Nm, ìgbà 279. 14 pẹ̀lú 45 jẹ́ 3.21: 64.3 Nm, ìgbà 280. Ẹ ò rí i pé ọgbọọgba ni wọ́n. Eyín kan tẹ́ ẹ bá yọ níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tẹ́ ẹ bá fi kún ẹ̀yìn. Níbi tí ọ̀kadà ti ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 74 ló máa sá báyìí, bí ariwo ẹ́ńjìnnì ò bá yí padà.

Mẹ́kà Àkúrẹ́
13 ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, torí ṣéènì tó wà níbẹ̀ ṣì máa tó o. Àléébù rẹ̀ ni pé ìfà orí ṣéènì á kúrò ní nǹkan bíi 700 N (níútìn, tí wọ́n fi ń wọn ìfà) bọ́ sí 755, ṣéènì á sì máa ká kọ́rọ́ ju tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó máa tètè gbó. Ẹ wo rọ́bà tó wà lórí apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, kí ṣéènì má máa ha á. 45 sàn fún ọ̀kadà tí kì í kúrò lórí òkè, àmọ́ ó lè gba kí ṣéènì fi ojú méjì gùn sí i.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ fi í sí gíà kẹta lórí títì, kí ẹ lọ́ throttle, ìyẹn ọwọ́ tó ń mú kó sáré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọ̀kadà ò yára sí i, pálétì kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ti jẹ. Sprocket kọ́ ni. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kí ẹ fọwọ́ yí i: bíréèkì tó ń fà náà lè jẹ́ kí òkè le.

Ẹ tún wọn ṣéènì. Ẹ fà á kó le, kí ẹ wọn láti píìnì kìíní dé ìkọkànlélógún. Tuntun jẹ́ mìlímítà 254. Tó bá ti ń lọ sí 259, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fi sprocket tuntun sí ṣéènì tó ti gùn, ó máa sọ eyín rẹ̀ di ìkọ́ láìpẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì sprocket iwájú nígbà tí ṣéènì ṣì wà lórí rẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ ti táyà, kí ẹ tì í síwájú, kí ẹ tú ṣéènì. Tí ẹ bá ń dè é padà, kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀, ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, ẹnu tó dí ni kó ṣíwájú níbi tí ṣéènì ń lọ. Ṣéènì gbọ́dọ̀ lè sún mìlímítà 20 sí 30 sókè-sódò láàárín. Ẹ yí táyà kí ẹ wá ibi tó le jù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́. Tó bá le jù, tí ẹrù bá wá tẹ̀ ẹ́, bíárìn inú gíà ló máa jìyà.

Ọlọ́kadà Ìdànrè
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Èyí tí wọ́n ní kí n fi sáàárín ńkọ́? Ṣé aago tó ń ka eré ò sì ní máa parọ́?

Ẹlẹ́rọ Gíà
Ẹ má dán ti àárín yẹn wò. Ká ní ó ní eyín 20: 20 pín sí 14, lọ́nà 42 pín sí 20, 3 náà lẹ máa rí. 20 ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Níbi tí gíà ti ń kan ara wọn, ti àárín kàn ń yí ọ̀nà tí ìkẹyìn ń yí sí padà ni. Gíà méjì tí wọ́n so pọ̀ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo ló ń sọ ara wọn di púpọ̀, bí ó ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣírò òkè. Ká ní gíà kìíní ń sọ tọ́ọ̀kì di ìlọ́po 3, tí ti kejì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.8. Pẹ̀lú 14 níwájú, kìíní lọ́nà 3 jẹ́ 9, kejì jẹ́ 5.4. Pẹ̀lú 13, kejì di 5.8, ó sì ṣì jìnnà sí 9. Òkè tí kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tẹ́lẹ̀, ó máa gùn ún báyìí. Èyí tó ń kú sí pátápátá, gíà kìíní náà lẹ ṣì máa fi gùn ún, kí ẹ sì bọ́ sí i kí eré tó lọ tán, kí ẹ́ńjìnnì má bàa máa gbọ̀n.

Ní ti aago, ẹ tọpa wáyà rẹ̀. Bó bá wá láti táyà iwájú, kò sí ohun tó máa yí padà. Bó bá wá láti inú gíà, eré tó máa kà á fi nǹkan bíi ìdá 8 nínú 100 ju ti òótọ́ lọ.